Ẹ̀jẹ̀ Lára Burọ́ọ̀ṣì: Ìtàn Bí Ayé Ṣe Mọ Ohun Tó Ń Ṣe Èrìgì

  

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ lónìí. Nígbà tí ẹ fọ ẹnu láàárọ̀ yìí, tí ẹ tutọ́ dànù, ṣé ẹ rí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀? Tí ẹ bá rí i, kí lẹ ṣe? Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní burọ́ọ̀ṣì yẹn ló le jù, wọ́n á wá máa yẹra fún ibi tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Ẹlòmíràn á pa burọ́ọ̀ṣì tì fún ọjọ́ mélòó kan kí ibẹ̀ lè sinmi. Tí wọ́n bá sì ní kó lọ bá dókítà eyín kí wọ́n bá a fọ̀ ọ́ dáadáa, á ní, "Èmi kọ́! Irin tí wọ́n fi ń ha eyín yẹn ló ń jẹ́ kí eyín máa mì."

Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, torí ó ti sọ ọ̀pọ̀ èèyàn di akáyín láìtọ́jọ́. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún yín lónìí ni ìtàn bí aráyé ṣe wá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò rí bí a ṣe rò ó. Èrìgì, ìyẹn ẹran pupa tó di ìdí eyín mú, kì í sábà ṣẹ̀jẹ̀ torí pé a fọ̀ ọ́. Àìfọ̀ ọ́ dáadáa ló máa ń fà á. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ tán ní ìṣẹ́jú kan yẹn, ó gba àwọn onímọ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kí wọ́n tó fi ẹ̀rí gbè é lẹ́sẹ̀.

Pákò la fi bẹ̀rẹ̀

Ká tó lọ sí òkè òkun, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ nílé. Láàárín àwa Yorùbá, ẹnu fífọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó nìkan, ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ilé ni. Ọmọ tí wọ́n kọ́ kì í jí kó lọ máa kí àgbà láìtíì fọ ẹnu. Kí burọ́ọ̀ṣì tó dé, pákò ni wọ́n ń lò, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní orín. Ẹ lè rí i lọ́jà títí dòní olónìí: orín àtà wà níbẹ̀, pákò Ìjẹ̀bú wà níbẹ̀. Àwọn kan tiẹ̀ ń gé ẹ̀ka ewúro tàbí ti dóńgóyárò fún un.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ ó jẹ orí igi náà títí tó fi máa fọ́n bí ìgbálẹ̀ kékeré, ẹ ó wá máa fi í ra eyín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Jíjẹ yẹn á mú itọ́ wá, itọ́ fúnra rẹ̀ sì máa ń fọ ẹnu. Èròjà inú igi náà ń ṣe tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tó bá ti lo orín àtà rí mọ̀ pé ó máa ń ta ahọ́n, lẹ́yìn náà ẹnu á máa kú díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 1971, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀, èyí tó ń jẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ báyìí, tẹ ìwádìí jáde lórí agbára tí omi inú àwọn pákò wa ní láti dènà kòkòrò àìfojúrí. Abáyọ̀mí Ṣófowórà wà lára wọn.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń fi pákò ṣe yẹ̀yẹ́ kò mọ ohun tó ń sọ. Àmọ́ ìṣòro kan wà tí pákò kò lè yanjú, burọ́ọ̀ṣì náà kò sì lè yanjú rẹ̀. Tí ìdọ̀tí bá pẹ́ lára eyín, á gan, á sì le bí òkúta. Tó bá ti dé ibẹ̀, kò sí ohun tí ẹ fẹ́ fi ra á nílé tó máa kúrò.

Òkúta ara eyín

Ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ òkúta yìí sílẹ̀ kínníkínní ni oníṣẹ́ abẹ kan tó ń jẹ́ Abu al-Qasim al-Zahrawi. Ìtòsí ìlú Córdoba ló gbé, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Sípéènì lónìí, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, nígbà tí àwọn Mùsùlùmí ń ṣàkóso ibẹ̀. Nínú ìwé ńlá rẹ̀, Kitab al-Tasrif, ó ya àwòrán àwọn irin tí wọ́n fi ń ha eyín. Wọn kò rí bákan náà, torí irin tó máa ha iwájú eyín kọ́ ló máa ha ẹ̀yìn rẹ̀, èyí tó máa wọ àárín eyín méjì sì tún yàtọ̀.

Al-Zahrawi ní kí dókítà gbé orí aláìsàn sórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, kó wá máa ha á. Ó tún sọ ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn, torí a ó padà sí i: tí gbogbo rẹ̀ kò bá tán lọ́jọ́ kan, kí aláìsàn padà wá lọ́jọ́ kejì, lọ́jọ́ kẹta, títí yóò fi mọ́. Ẹ ò rí i pé kò sí ìkánjú níbẹ̀.

Ó mọ̀ pé òkúta yẹn ń ba èrìgì jẹ́. Ohun tí kò lè mọ̀ ni ohun tí wọ́n fi mọ òkúta náà, torí ojú lásán kò lè rí i.

Oníṣòwò aṣọ tó wo ẹnu ara rẹ̀

Ẹni tó kọ́kọ́ rí i kì í ṣe dókítà rárá. Aṣọ ló ń tà. Antonie van Leeuwenhoek lorúkọ rẹ̀, ìlú Delft ní ilẹ̀ Netherlands ló ń gbé. Àwọn oníṣòwò aṣọ ìgbà yẹn máa ń lo gíláàsì tó ń sọ ohun kékeré di ńlá láti fi yẹ òwú wò. Leeuwenhoek wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe gíláàsì tó lágbára ju ti gbogbo wọn lọ.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1683, ó kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Lọ́ńdọ̀nù, ìyẹn Royal Society. Ó ní òun máa ń fi iyọ̀ ra eyín òun láràárọ̀, òun ń fi nǹkan tá àárín rẹ̀, òun sì ń fi aṣọ nù ún. Síbẹ̀, ìdọ̀tí funfun kan tó rọ̀ bí ìyẹ̀fun tí wọ́n po ṣì wà láàárín àwọn eyín kan. Ó ha díẹ̀ níbẹ̀, ó fi omi pò ó, ó sì fi gíláàsì rẹ̀ wò ó. Kí ló rí? Àwọn ẹ̀dá kéékèèké tí ń rìn, tí ń pòyì, tí ń sáré kiri. Ó wo ti ẹnu àwọn ẹlòmíràn náà, títí kan bàbá àgbàlagbà kan tí kò fọ eyín rí láyé rẹ̀, ó sì bá wọn lọ́pọ̀ yanturu níbẹ̀.

Ohun tí a ń pè ní bakitéríà lónìí ló rí yẹn. Ṣùgbọ́n rírí nǹkan yàtọ̀ sí mímọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, kò sẹ́ni tó so àwọn ẹ̀dá kéékèèké wọ̀nyẹn pọ̀ mọ́ èrìgì tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Ọjọ́ orí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń dá lẹ́bi. Wọ́n ní eyín àgbà gbọ́dọ̀ ká ni.

Eyín Wells àti irin Riggs

Ẹ jẹ́ ká sáré dé ìlú Hartford, ní ìpínlẹ̀ Connecticut, ní Amẹ́ríkà. Ọdún 1844 la wà. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kejìlá, dókítà eyín kan tó ń jẹ́ Horace Wells lọ wo eré kan. Wọ́n ń fún àwọn èèyàn ní gáàsì kan fà símú, gáàsì apanilẹ́rìn-ín, kí àwọn tó kù lè máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan lára àwọn tó fà á sáré kiri títí ó fi fi ẹsẹ̀ gbá nǹkan, ó ṣèṣe, kò sì mọ̀ ọ́n lára. Gbogbo àwọn yòókù ń rẹ́rìn-ín. Wells ní tiẹ̀ jókòó, ó ń ronú.

Lọ́jọ́ kejì, ó fa gáàsì náà símú, ó sì ní kí dókítà eyín mìíràn yọ eyín òun. Ó ní kò dun òun. Bí ọ̀rọ̀ ìtọ́jú eyín láìsí ìrora ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wells fúnra rẹ̀ kò jẹ èrè rẹ̀ o. Nígbà tó lọ fi han àwọn dókítà ní Boston lọ́dún 1845, aláìsàn náà ké, wọ́n sì fi Wells ṣe ẹlẹ́yà. Ọdún 1848 ló kú, nínú ìbànújẹ́.

Àmọ́ ta ló yọ eyín Wells lọ́jọ́ yẹn? John Riggs ni, ẹni tó ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ rí. Ọkùnrin yìí gan-an ló wá fi ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà jà fún ọ̀rọ̀ èrìgì. Nígbà yẹn, tí èrìgì bá wú tó ń ṣọyún, àwọn kan máa ń fi ọ̀bẹ gé e dànù ni. Tàbí kí wọ́n kàn yọ gbogbo eyín. Riggs ní ẹ dúró ná. Ó ní èrìgì kọ́ ló ṣẹ̀, ohun tó lẹ̀ mọ́ eyín lábẹ́ èrìgì ló ń dà á láàmú. Ẹ ha ohun náà kúrò, ẹ jẹ́ kí ara eyín dán, èrìgì á san fúnra rẹ̀. Ìwàásù rẹ̀ yìí kan àwọn dókítà lára débi pé wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe àìsàn náà: Riggs' disease.

Ẹ jẹ́ ká wá tú ọ̀rọ̀ eyín tó ń mì yẹn wò. Tí ìdọ̀tí bá pẹ́ lábẹ́ èrìgì, kì í ṣe ẹran nìkan ló ń bàjẹ́, egungun tó di eyín mú náà ń jẹ lọ. Kì í dunni, torí náà èèyàn kì í tètè fura. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Nígbà tó bá máa fi lọ sí ọsibítù, òkúta nìkan ló kù tó ń fún eyín mọ́ra. Tí wọ́n bá ha òkúta náà kúrò, eyín á mì. Àṣé ó ti ń mì tipẹ́. Ó dà bí òpó tí ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán tó jẹ́ pé ọ̀dà ló bò ó: ẹni tó ha ọ̀dà náà kúrò kọ́ ló ba òpó jẹ́.

Obìnrin tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ fífọ eyín nìkan

Ní ìpínlẹ̀ Connecticut yìí kan náà, ní ìlú Bridgeport, dókítà eyín kan tó ń jẹ́ Alfred Fones rò ó pé, tó bá jẹ́ pé fífọ ni oògùn rẹ̀, kí ló dé tí a máa ń dúró dìgbà tó bá bàjẹ́? Ní ọdún 1906, ó kọ́ Irene Newman, ìbátan rẹ̀ tó ń bá a ṣiṣẹ́, bí wọ́n ṣe ń fọ eyín aláìsàn. Àwọn dókítà kan kò fẹ́ràn rẹ̀. Ní 1913, Fones dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà, obìnrin 27 sì jáde níbẹ̀ lọ́dún kejì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ sí àwọn ilé ìwé Bridgeport, wọ́n ń fọ eyín àwọn ọmọdé, wọ́n sì ń kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe máa fọ̀ ọ́ fúnra wọn.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ tí ẹ ń rí lónìí ti wá. Tí ẹ bá dé ọsibítù tó jẹ́ pé ẹni tó fọ eyín yín kì í ṣe dókítà, ẹ má rò pé wọ́n fojú kéré yín. Iṣẹ́ tó kọ́ ló ń ṣe.

Àwọn méjìlá tí kò fọ ẹnu

Síbẹ̀, ẹ̀rí tó dájú kò tíì sí. Riggs gbà á gbọ́, Fones gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n ta ló fi hàn pé ìdọ̀tí ló ń fa ẹ̀jẹ̀, pé kì í ṣe ọjọ́ orí tàbí oúnjẹ?

Ọdún 1965 ni ìdáhùn dé, láti ìlú Aarhus ní Dẹ́ńmákì. Harald Löe, ọmọ ilẹ̀ Norway, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó èèyàn méjìlá jọ tí èrìgì wọn dá ṣáṣá. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ eyín tó wà ní ọdún àkọ́kọ́ ni mẹ́sàn-án nínú wọn. Wọ́n ní kí wọ́n má fọ ẹnu mọ́. Kò sí burọ́ọ̀ṣì, kò sí ọṣẹ ìfọyín, kò sí ohun kóhun. Àwọn onímọ̀ náà wá ń yẹ ẹnu wọn wò, wọ́n ń ka irú kòkòrò tó wà níbẹ̀.

Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá sí mọ́kànlélógún, èrìgì àwọn méjèèjìlá ti pọ́n, ó ti wú. Kò yọ ẹnì kan sílẹ̀. Àwọn kòkòrò tó wà níbẹ̀ náà yí padà: èyí tí wọ́n ń bá níbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kọ́ ni wọ́n bá nígbà tó yá, àwọn tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ àtàwọn tó ń lọ́ bí skrúù ti pọ̀ sí i. Wọ́n wá ní kí àwọn èèyàn náà padà sídìí fífọ ẹnu. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, èrìgì wọn ti padà bó ṣe wà.

Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó ń ṣẹ̀jẹ̀ tó wá pa burọ́ọ̀ṣì tì, ohun tí Löe fi ba èrìgì jẹ́ gan-an ló ń ṣe fún ara rẹ̀.

Löe kò dúró níbẹ̀. Láti ọdún 1970, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé àwọn ọkùnrin 480 tó ń ṣiṣẹ́ ní oko tíì ní Sri Lanka, ibi tí kò ti sí burọ́ọ̀ṣì tàbí dókítà eyín fún wọn. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fi ń wò wọ́n. Ó hàn pé èèyàn yàtọ̀ síra: nǹkan bíi mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ni eyín wọn ń bàjẹ́ wàràwàrà, nǹkan bíi mọ́kànlá kò sì kọjá èrìgì tó wú. Ọ̀pọ̀ tó kù wà láàárín. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè rí bàbá àgbà kan tí kì í ṣe wàhálà eyín rárá, tí eyín rẹ̀ sì pé. Oríire tirẹ̀ nìyẹn. Ẹ má fi ṣe ìwọ̀n tiyín, torí kò sẹ́ni tó mọ ìsọ̀rí tí òun wà kó tó pẹ́ jù.

Ohun tí ẹ lè ṣe láti òní lọ

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ọkùnrin kan wà ní New Orleans tó ń jẹ́ Charles Bass, tó kọ́kọ́ lókìkí torí pé ó gbin kòkòrò ibà sínú ìgò ní nǹkan bí ọdún 1912. Nígbà tó fẹ̀yìn tì lọ́dún 1940, ó kọjú sí ọ̀rọ̀ eyín. Ohun tó kọ́ wa ni pé ibi tí eyín àti èrìgì ti pàdé ni iṣẹ́ wà, kì í ṣe orí eyín tó ń dán nínú sẹ́fì. Ẹ ra burọ́ọ̀ṣì tó rọ̀. Ẹ dà á ní ẹ̀gbẹ́ kí irun rẹ̀ kọjú sí èrìgì, ẹ sì máa mì ín díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀, láìgbo ó bí ẹni ń fọ ìkòkò. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, ti alẹ́ ṣe pàtàkì jù. Ẹ fi òwú ìfọyín wọ àárín eyín lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́. Tí ẹ bá fẹ́ràn pákò, ẹ má fi í sílẹ̀, ọgbọ́n kan náà ni kí ẹ fi lò ó: kó rọ̀, kó sì dé ìdí eyín.

Tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ̀jẹ̀ kò dá, ẹ lọ rí dókítà eyín. Aláboyún àti ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà kò gbọ́dọ̀ fi falẹ̀, torí èrìgì wọn máa ń tètè wú.

Ẹ̀rù ìrora ńkọ́? Ẹ rántí pé ayé ti rin ọ̀nà jíjìn láti ìgbà Wells. Novocain dé lọ́dún 1905 láti Jámánì, àwọn onímọ̀ ní Sweden sì kọ́kọ́ ṣe lidocaine lọ́dún 1943. Ní àwọn ọdún 1950, ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n rìrì, tí omi ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í bá irin ọwọ́ ṣiṣẹ́ pọ̀. Ariwo rẹ̀ lè máa dẹ́rù bani, àmọ́ omi yẹn wà níbẹ̀ kó má bàa gbóná ni.

Torí náà, kí ẹ tó ya ẹnu, ẹ sọ̀rọ̀. Ẹ sọ ibi tó ń dùn yín àti oògùn tí ẹ ń lò, pàápàá tó bá jẹ́ èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ẹ béèrè oògùn tó ń mú ẹnu kú, èyí tí wọ́n ń fi pa èrìgì tàbí abẹ́rẹ́. Ẹ jọ ṣàdéhùn pé tí ẹ bá ti na ọwọ́ òsì sókè, kí wọ́n dúró. Tí ìdọ̀tí bá pọ̀, ẹ ní kí wọ́n pín in sí ìgbà méjì, torí al-Zahrawi ti sọ ọ́ láti ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn pé kò pọn dandan kó tán lọ́jọ́ kan. Tí èrìgì bá ti wú, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọgbọ́n Bass fọ̀ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ìrora máa ń dín kù lára èrìgì tó ti ń san. Lẹ́yìn rẹ̀, omi tútù lè máa ta eyín fún ọjọ́ mélòó kan. Kì í ṣe pé wọ́n bà á jẹ́. Ibi tí òkúta ti bò ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí atẹ́gùn.

Ẹni tó bá sì ń lọ déédéé, òkúta kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, híha kì í pẹ́, ìrora kì í tó nǹkan. Ẹni tó sá fún un fún ọdún mẹ́wàá ló máa ń jìyà jù lọ́jọ́ tó bá dé ibẹ̀.

Ó tán lónìí o. Tí ẹ bá mọ ẹnì kan tó ń sá fún burọ́ọ̀ṣì torí ẹ̀jẹ̀, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Ká tún pàdé lórí ètò wa tó ń bọ̀. Ó dàbọ̀.